Àlàárì: Òwú Tó La Òkun àti Aṣálẹ̀ Kọjá

Láti ìlú Oǹdó dé òpópónà Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́, ẹni tó bá wọ àlàárì lọ sóde gbà pé ogún bàbá òun ni. Irọ́ kọ́, Yorùbá ló hun aṣọ náà. Ṣùgbọ́n òwú pupa tí wọ́n fi ń hun ún ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kì í ṣe ti ilẹ̀ yìí, orúkọ rẹ̀ gan-an ló tú àṣírí. Al-harir ni àwọn Lárúbáwá ń pe sẹ́dà, Haúsá sọ ọ́ di alharini, Yorùbá sì pè é ní àlàárì. Ti sányán yàtọ̀: inú igbó wa ni wọ́n ti ń ṣa ilé kòkòrò tí wọ́n ń ran òwú rẹ̀.

Etí Òkun Mẹditaréníà ni òwú àlàárì ti ń bọ̀. Àṣẹ́kù sẹ́dà láti Ítálì àti àyíká rẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí èbúté Trípólì, ní Líbíà òde òní. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dì í lé ràkúnmí, tí yóò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó dé Kánò. Heinrich Barth, ará Jámánì tó dé Kánò ní 1851, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹrù ràkúnmí 300 sí 400 ni sẹ́dà pupa tó ń wọ ìlú náà lọ́dọọdún, àti pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ń kọjá lọ sí ibòmíràn.

Hugh Clapperton, ará Scotland, ti rin ọ̀nà náà ṣáájú rẹ̀. Ní 1822 ó gbéra ní Trípólì pẹ̀lú Dixon Denham. Ó dé Kánò àti Sókótó ní 1824. Nígbà tó tún padà wá, Àgbádárìgì ló gbà wọlé, ó sì dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù Kìíní 1826.

Ràkúnmí wọ̀nyí kì í padà lófìfo, oríkì aṣọ kò sì mẹ́nu ba ohun tó ń bá wọn lọ. Ẹrú wà lára ohun tí wọ́n fi ń san owó ọjà Trípólì, ọmọ ènìyàn tó ń fẹsẹ̀ rin iyanrìn gbígbóná. Denham rí egungun wọn káàkiri lẹ́bàá kànga, níbi tí òùngbẹ àti àárẹ̀ ti pa wọ́n.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Kánò ní 1912, ọ̀nà aṣálẹ̀ ti ń kú lọ. Òwú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ahunṣọ ń lò báyìí. Àwọ̀ pupa náà àti orúkọ Lárúbáwá ló ṣẹ́kù.