Ọ̀nà Àwọn Òkú: Ìdánimọ̀ àti Ọnà-Èdè nínú Ìtàn Kúkúrú Chinua Achebe

Ní ọdún 1953, University Herald, ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, gbé ìtàn kúkúrú kan jáde tí Chinua Achebe pe àkọlé rẹ̀ ní "Dead Men's Path". Ọdún 1948 ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀, oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbà. Èrò mi ni pé olùkọ́ tó bá fẹ́ fi ìtàn yìí kọ́ni nípa ìdánimọ̀ kò gbọdọ̀ yà á kúrò lára ọnà-èdè rẹ̀, nítorí inú ọnà-èdè náà ni ìdánimọ̀ wà.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949 ni wọ́n fi Michael Obi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ìjọ kan ní Ndume. Ó fi igi àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí ọ̀nà àtijọ́ tó la ọgbà ilé-ìwé kọjá, láti ojúbọ lọ sí ibi ìsìnkú. Àwòrò wá ṣàlàyé fún un pé ọ̀nà yìí ni àwọn òkú ń bá lọ, òun náà sì ni àwọn ọmọ tí a óò bí ń gbà wá. Obi kọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọ̀dọ́bìnrin kan kú lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti tẹ òdòdó ọgbà mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti wó ọ̀kan nínú àwọn ilé ilé-ìwé.

Àmì ni ọ̀nà yìí jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ́ Babátúndé tàbí Yétúndé kò nílò àlàyé gígùn kí ó tó lóye rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọra yìí lè ṣì wá lọ́nà. Àwòrò pa òwe pé kí àwòdì bà, kí ẹyẹ idì náà sì bà. Kíá ni kíláàsì máa ń fi tiwa dáhùn: "Ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láì fara kanra." Àwọn òwe méjèèjì kò dọ́gba. Òfuurufú gbòòrò, kò sí ẹni tí yóò sún fún ẹnì kejì níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bíbà ni ti àwòrò: ibi tí a ń bà sí lópin, àfi kí a jọ pín in. Ìjà ilẹ̀ ni ìjà Ndume.

Ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ ni ó parí ìtàn náà. Ọjọ́ tí wọ́n wó ilé-ìwé gan-an ni òyìnbó alábẹ̀wò dé, ó sì kọ ìjábọ̀ tó dẹ́bi fún ìtara Obi, ìtara tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ gbìn sí i lọ́kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń sọ pé àṣà ló borí. Ṣùgbọ́n òkú kò jí, ilé-ìwé àwọn ọmọ sì ti wó. Lójú alábẹ̀wò, ogun ẹ̀yà lásán ni gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe Obi, kì í ṣe àwòrò, ni ó sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí olùkọ́ fi parí ẹ̀kọ́ kì í ṣe ẹni tó jàre, bí kò ṣe ẹni tó ń kọ ìjábọ̀ nípa wa.