Ilẹ̀ tó ní síńkì àmọ́ tó ń ṣahun: ẹ̀kọ́ láti Konya

Tí oko kò bá ṣe dáadáa, a máa ń sọ pé ajílẹ̀ ni kò tó. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ wo agbègbè Konya ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, níbi tí wọ́n ti ń gbin àlìkámà. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀, torí náà kò sí omi tó máa fọ kálísíọ̀mù kábọ́nétì kúrò nínú ilẹ̀. Èròjà yìí náà ló wà nínú èèpo ẹyin àti òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ó máa ń gbé pH ilẹ̀ ga ju 7 lọ. Síńkì, irin àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lè wà níbẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ á há wọn mọ́wọ́ bí ahun, gbòǹgbò ò ní rí wọn fà.

Ní 1993, ìwádìí kan tí NATO fowó tì lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ismail Cakmak wà lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n rí i pé àìtó síńkì ló ń dín irè oko kù. Ọ̀rọ̀ náà kan ilé ìdáná pẹ̀lú, torí ọmọ tí kò rí síńkì tó jẹ kì í dàgbà bó ṣe yẹ.

Ọ̀nà àbáyọ? Wọ́n ń po síńkì mọ́ ajílẹ̀, tàbí kí wọ́n fín in sára ewé. Ẹ̀bá irúgbìn ló yẹ kí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà. Eérú ńkọ́? Ẹ má dà á síbẹ̀, ṣe ló máa dá kún ìṣòro náà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá irú ilẹ̀ yìí mọ̀, ẹ kán fínígà sí erùpẹ̀ gbígbẹ díẹ̀. Tó bá hó, kábọ́nétì wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó náwó lórí ajílẹ̀, ẹ yẹ ilẹ̀ wò ná.