Àwo Àkàrà Tó Ra Òmìnira: Láti Kétu dé Bàhíà, Láti Bàhíà dé Àjàṣẹ́

Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí eré ọmọdé: gató díẹ̀ tí obìnrin ṣe nínú ilé rẹ̀, tó tò sórí àwo, tó sì gbé jáde lọ tà. Nínú ìtàn tiwa, irú àwo bẹ́ẹ̀ ti yọ ènìyàn kúrò lóko ẹrú.

Láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún títí dé àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Dàhọ̀mì àti ogun abẹ́lé ilẹ̀ Yorùbá kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lẹ́rú. Wọ́n gba Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó kọjá lọ sí Bàhíà ní Bràsíìlì. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, orúkọ kan náà tí wọ́n fi ń pe àwa náà níhìn-ín dòní. Kétu sì di orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ńlá ẹ̀sìn òrìṣà ní Bàhíà.

Ilẹ̀ ìrèké ni Bàhíà, ṣúgà kò wọ́n níbẹ̀. Àwọn Pọtogí mú adùn ilẹ̀ wọn wá, èyí tí àwọn Sísítà Kátólíìkì ń fi pupa ẹyin, ṣúgà àti álímọ́ńdì ṣe. Ní Bràsíìlì, àgbọn rọ́pò álímọ́ńdì, ó sì di èyí tí wọ́n ń pè ní quindim. Wọ́n á po pupa ẹyin, ṣúgà àti àgbọn rírin pọ̀, wọ́n á dà á sínú ife kéékèèké tí wọ́n ti fi bọ́tà àti ṣúgà pa nínú. Wọ́n á to àwọn ife náà sínú àwo omi kí wọ́n tó gbé e sínú ààrò. Omi náà ni kì í jẹ́ kí ẹyin tètè le jù. Kokada náà wà, àgbọn àti ṣúgà tí wọ́n rò lórí iná títí yóò fi ki. Nínú ilé ìdáná àwọn olówó, ọwọ́ àwọn ìyá wa ló ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ní ìlú Salvador, ọ̀gá a máa rán ẹrúbìnrin rẹ̀ jáde lọ tajà. Iye kan wà tó gbọ́dọ̀ mú wálé fún un. Èyí tó bá lé, tirẹ̀ ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé àkàrà, ọ̀ọ̀lẹ̀ àti kokada lórí kiri ìgboro. Ìwọ̀nba tó lè tán lọ́jọ́ kan ni wọ́n ń ṣe, torí ẹyin àti àgbọn kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru, orí kan ṣoṣo ló sì máa ru gbogbo rẹ̀. Àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira tún dá ẹgbẹ́ bí èsúsù sílẹ̀, tí wọ́n ń dá owó jọ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ra ìwé òmìnira rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Luiz Gama (1830–1882), ẹni tó jà nílé ẹjọ́ fún òmìnira ọ̀pọ̀ ẹrú ní Bràsíìlì, kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan ní 1880 pé Nàgó ni ìyá òun, pé Luiza Mahin ni orúkọ rẹ̀, pé obìnrin olómìnira tó ń pàtẹ ọjà ni. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa. Ó rán wa létí àwọn Màhí, aládùúgbò Ṣábẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Salvador ní oṣù kìíní 1835, ìjọba Bàhíà ni àwọn olómìnira ilẹ̀ Áfíríkà lára gan-an. Ọ̀pọ̀ padà wá sí Ouidah, Agoué, Àjàṣẹ́ àti Èkó, púpọ̀ nínú wọn ló sì fi owó ara wọn wọ ọkọ̀. Àwọn là ń pè ní Àgùdà. A máa ń fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn àti Mọ́sálásí Ńlá Àjàṣẹ́ yangàn. Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn tó dárúkọ oníṣòwò àti kọ́lékọ́lé kì í sábà dárúkọ obìnrin tó ń rin àgbọn.

Ní 2005, Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń ta acarajé sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè. Àwa tí a ni àkàrà ńkọ́?

Lónìí, ọmọbìnrin kan lè da yanrìn sínú ìkòkò irin, kó gbé agolo gató mẹ́fà lé e, kó kó ẹyín iná sórí ìdérí, kí gató náà sì jinná dáadáa. A ó sì ní kó lọ wá iṣẹ́ gidi. Ẹ jẹ́ ká yéé sọ bẹ́ẹ̀ sí àwọn ọmọ wa. Kí àwọn ìyá àgbà tó mọ adùn àtijọ́ tó lọ tán, ẹ jókòó tì wọ́n nídìí iná. Bí ìyá bá ní "bu díẹ̀ sí i," ẹ fi ife wọn díẹ̀ náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ìyá náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.