Ilé Ọba Tó Jó, àti Igbó Etí Odò Klamath

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù kún un. Ẹnu àwọn tó ń tu ẹni tí àjálù bá nínú la ti sábà ń gbọ́ òwe yìí. Àmọ́ ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò dáadáa: iná kò ní ẹwà kankan tó fẹ́ bù fún ẹnikẹ́ni. Ọba ló ní èèyàn, àwọn ni yóò péjọ tún ààfin kọ́. Ilé tí kò lẹ́ni, tó bá jó, eérú lásán ló kù.

Ẹ jẹ́ ká gbé òwe náà dé àríwá California ní Amẹ́ríkà, létí odò Klamath, níbi tí àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Karuk àti Yurok ti ń gbé láti ayébáyé. Àwọn wọ̀nyí kì í dúró de iná kó wá bá igbó wọn. Àwọn gan-an ló ń tiná bọ̀ ọ́. Ẹ wo ti igi hazel. Ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n fi ń hun agbọ̀n, títí kan èyí tí wọ́n ń gbé ọmọ ọwọ́ sí. Ẹ̀ka tó ti gbó máa ń wọ́, kòkòrò a sì ti jẹ ẹ́. Bí iná bá jó igi náà dé ilẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ kì í kú; ọ̀mùnú a yọ, a nà tọ́ọ́rọ́ láìpẹ̀ka. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, àwọn tó ń hun agbọ̀n a wá gé e, wọn a bó èèpo rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá tẹ̀ tí kò kán ni wọ́n ń fẹ́.

Wọ́n tún máa ń dáná lábẹ́ igi óákù, iná pẹlẹbẹ tó ń rákò lórí ewé gbígbẹ. Èso óákù jẹ́ pàtàkì nínú oúnjẹ wọn. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi yọ kíkorò rẹ̀ (ẹni tó bá ti rẹ ẹ̀gẹ́ rí mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀). Èso tó kọ́kọ́ ń já bọ́ ni kòkòrò sábà ń wà nínú rẹ̀. Iná a jó kòkòrò náà mọ́lẹ̀, kí èso ọdún tó ń bọ̀ lè yè. Koríko tútù a hù, àgbọ̀nrín a wá jẹ ẹ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, iná tó bá ṣèèṣì sọ kò ní rí nǹkan púpọ̀ jẹ.

Àmọ́ lọ́dún 1850, California ṣòfin tó fi ìyà sí sísun pápá. Lọ́dún 1918, aṣọ́gbó ìjọba kan ní Orleans, nínú ilẹ̀ Karuk gan-an, kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé ọ̀nà tó dájú láti dá àwọn tó ń dáná sungbó dúró ni kí wọ́n máa yìnbọn lù wọ́n. Nígbà tó di 1935, àṣẹ ìjọba àpapọ̀ ni pé iná igbó yòówù kó sọ, kí wọ́n ti pa á kó tó di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Wọ́n lé onílé, wọ́n ní àwọn ń dáàbò bo ilé. Igbó dí pa, ewé gbígbẹ ń gun ara wọn lọ́dọọdún. Ní oṣù September 2020, iná igbó tí wọ́n pè ní Slater ya wọ Happy Camp, ìlú tí olú iléeṣẹ́ àwọn Karuk wà. Ilé bíi 200 jóná, èèyàn méjì kú. Ẹwà wo ló bù kún ìyẹn?

Lọ́dún 2024, California ṣòfin mìíràn tó jẹ́ kí ẹ̀yà onílẹ̀ lè bá ìpínlẹ̀ náà ṣàdéhùn, kí wọ́n máa dáná ìbílẹ̀ wọn láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn Karuk ló kọ́kọ́ wọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ní 2025. Láti ìgbà òfin 1850 títí di ọdún yẹn, ọdún 175 ló pé.