Ìpolówó Ni Àgúnmu Òwò

Àwọn àgbà ní ìpolówó ni àgúnmu òwò. Láyé Ọbabìnrin Victoria, ìpolówó oògùn kún inú ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá lẹ́yìn tí ìjọba fagi lé owó orí ìpolówó ní 1853. Thomas Beecham ń kéde oògùn oníhóró rẹ̀ fún inú rírun, orí fífọ́ àti àìróorunsùn. Ó ní páálí kan tó ṣílè 21. Ṣílè 1 ó lé díẹ̀ ló ń tà á. Ní 1909, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní: oje etí erin tí ń múni yàgbẹ́, atalẹ̀ àti ọṣẹ ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Owó èròjà páálí kan kò tó ìdámẹ́rin pẹ́nì! Òwò ni àgúnmu yìí wò sàn jù, kì í ṣe aláìsàn.