Iná Lójú Omi: Ìtàn Ohun Èlò Tí Wọ́n Fi Ń Jó Epo Tó Dà Sókun

Àgbẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ kì í ṣáná sí oko rẹ̀ láì kọ́kọ́ ro etí oko náà yíká, kí iná má baà ràn dé oko olóko. Irú ọgbọ́n yìí náà ni wọ́n ń lò lójú òkun bí epo rọ̀bì bá dà sómi. Àròkọ yìí yóò sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ìdí tí ó fi kàn wá.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1967, ọkọ̀ Torrey Canyon forí sọ àpáta ní etíkun Cornwall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Epo inú rẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù 100,000. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ni ìjọba rán bàlúù ogun láti ju bọ́ǹbù sí i kí epo náà lè jó. Iná ń ràn, ó tún ń kú, nítorí epo ti tàn ká, omi sì ti pò mọ́ ọn. Epo tí kò bá nípọn tó mìlímítà 2 tàbí 3 kì í gbaná dáadáa, torí omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń gba ooru rẹ̀.

Ohun tó yanjú èyí ni ọgbà tó ń léfòó lórí omi, tí wọ́n fi ohun tí iná kò lè tètè jẹ ṣe. Ọkọ̀ ojú omi méjì ń fa etí rẹ̀ méjèèjì, yóò tẹ̀ bí ìdajì òrùka, epo yóò sì kó jọ sínú rẹ̀. Wọ́n á wá fi epo bẹntiróòlù tí wọ́n ti sọ di kíki bí ẹ̀kọ ṣáná sí i. Bí ewu bá dé, ọkọ̀ kan yóò jọ̀wọ́ etí tirẹ̀. Epo á tàn ká, iná á kú.

Wọ́n dán an wò ní Alaska lọ́dún 1989, lọ́jọ́ kejì tí epo ọkọ̀ Exxon Valdez dà sómi. Wọ́n ṣírò èyí tó jó sí gálọ́ọ̀nù 15,000 sí 30,000. Kò pẹ́ tí ìjì dé, iṣẹ́ náà sì dúró. Lọ́dún 2010, nígbà tí kànga Deepwater Horizon bú ní Amẹ́ríkà, ìgbà 411 ni wọ́n jó epo báyìí. Èéfín rẹ̀ dúdú, ó sì léwu, nítorí náà ọ̀nà jíjìn sí ìlú ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ní ilẹ̀ wa, páìpù Idoho bẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1998. Nǹkan bí àgbá epo 40,000 dà sókun, ó sì ṣàn dé etíkun Èkó. Lọ́dún 2020, kànga epo Ororo gbaná nítòsí Awóyè, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Iná yẹn kò ní ọgbà, kò sì ní ẹni tó ń darí rẹ̀. Títí di ọdún 1996, ìpínlẹ̀ kan náà ni àwa àti Ìlàjẹ wà. Omi wọn ni oko wọn. Bí epo bá bà á jẹ́, kí ni apẹja yóò fi bọ́ ọmọ rẹ̀?

Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NOSDRA sílẹ̀ lọ́dún 2006 láti mójú tó irú ìjàǹbá yìí. Èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú ìtàn ni pé ohun èlò tó bá pẹ́ dé kò wúlò mọ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ẹ jẹ́ kí ọgbà náà, ọkọ̀ àti àwọn tó mọ̀ ọ́n lò wà ní etíkun wa kí epo tó dà.