Omi Ẹ̀gẹ́ àti Èròjà Bí Ọṣẹ tí Bakitéríà Ń Ṣe

Ní 1968, Arima, Kakinuma àti Tamura ní Japan kéde èròjà kan tí bakitéríà Bacillus subtilis ń tú sínú omi tó bá wà. Wọ́n sọ ọ́ ní surfactin, wọ́n sì rí i pé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bakitéríà yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa, nítorí òun gan-an ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sọ woro igbá di irú.

Iṣẹ́ ọṣẹ ni surfactin ń ṣe. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá tó ń sá fún omi. Apá kejì jẹ́ ásíìdì àmínò méje tó so pọ̀ bí òrùka. Níbi tí omi ti pàdé afẹ́fẹ́ tàbí epo ló máa ń kó jọ sí, yóò sì dín agbára tí ojú omi fi ń fà mọ́ra kù. Agbára yìí jẹ́ nǹkan bí 72 mN/m nínú omi lásán. Nǹkan bí 20 mílígíráàmù surfactin nínú lítà kan lè rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ dé 27. Epo tí kì í bá omi rẹ́ yóò wá fọ́ sí wẹ́wẹ́, bakitéríà yóò sì rí i jẹ.

Bakitéríà mìíràn, Pseudomonas aeruginosa, ń ṣe èròjà bí ọṣẹ tí à ń pè ní rhamnolipid, èyí tí wọ́n dán wò láti fọ epo kúrò lára òkúta etíkun Alaska lẹ́yìn tí ọkọ̀ Exxon Valdez da epo sínú òkun ní 1989. Ṣùgbọ́n bakitéríà yìí ń fa àrùn, ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi gbé jíìnì tó fi ń ṣe rhamnolipid sínú bakitéríà Pseudomonas putida. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà Evonik ṣí ẹ̀ka ńlá kan ní Slovakia tó ń fi ṣúgà àgbàdo ṣe rhamnolipid. Ní ti ìwúkàrà Starmerella bombicola, sophorolipid tó ń ṣe, tí òun náà jẹ́ èròjà bí ọṣẹ, lè ju 300 gíráàmù lọ nínú lítà kan.

Owó ni ìṣòro. Bakitéríà gbọ́dọ̀ jẹun kó tó ṣiṣẹ́, oúnjẹ yẹn sì ń náni lówó, nígbà tí èròjà bí ọṣẹ tí wọ́n ń fi epo rọ̀bì ṣe kò wọ́n. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Nitschke àti Pastore ní Brazil fi ṣe pàtàkì lójú mi ju gbogbo èyí tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, omi tó jáde lára ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi bọ́ B. subtilis, wọ́n sì rí nǹkan bí 3 gíráàmù surfactin nínú lítà kan. Ó kéré gan-an sí ti ìwúkàrà, ṣùgbọ́n ohun tí à ń dà nù ni wọ́n fi ṣe é.

Nílé gàrí wa, omi tó ń jò lára àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi jáàkì tẹ̀ máa ń ṣàn lọ sí gọ́tà pẹ̀lú sáyánáìdì inú rẹ̀, ó sì ń pa koríko àti ẹja. Síbẹ̀ sítáàṣì àti ṣúgà wà nínú rẹ̀. Bacillus inú irú ló yẹ kí àwọn yàrá ìwádìí wa fi dán an wò: èwo nínú wọn ló lè fara da sáyánáìdì, èwo ló sì ń tú surfactin jáde jù? Èròjà yìí máa ń bẹ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, nítorí náà n kò ní í fi oògùn abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ àti omi tí epo rọ̀bì bà jẹ́ ni kí a kọ́kọ́ lò ó fún, ní Ìpínlẹ̀ Òndó pàápàá, níbi tí wọ́n ti ń wa epo ní etíkun Ìlàjẹ, tí ẹ̀gẹ́ sì pọ̀ lóko.